Omi Èèpo Irú Lára Ilé Onítáyà

Ṣáájú ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ìró ìgbálẹ̀ ló máa ń jí wa ní agboolé wa ní Ìlọ́fà. Àwọn obìnrin ilé á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa gbá ojúde ṣàà, ṣàà, adìyẹ á máa sá síwá sẹ́yìn, Baálé á sì máa wúkọ́ nínú yàrá rẹ̀ bí ẹni tó ń fi ikọ́ ka orúkọ gbogbo wa, kó lè mọ ẹni tí kò tíì dìde. Lẹ́yìn náà ni a ó gbọ́ tí wọ́n ń pọ́n àdá lára òkúta, tí ẹ̀kọ á sì máa hó nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, ìró mìíràn gba ipò ìgbálẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìró àkísà tútù ni, tí à ń fi nu ara páànù funfun: fíìn, fíìn, fíìn. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ń nu gíláàsì fèrèsé nítòsí mi, ńṣe ni eyín máa ń kan mí. Àwọn ọmọ mi rò pé ọjọ́ ogbó ló dé. Mo ti sọ fún wọn pé kì í ṣe ọjọ́ ogbó, Dádì Kàdúná ni.

Dádì Kàdúná ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá ìyá mi bí. Jóṣúà ni wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Jóṣúà sì ni gbogbo ilé ń pè é títí ó fi ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń la títì ní ìhà Kàdúná. Láti ìgbà náà ló ti ní kí àwa ọmọdé má pe òun ní Bọ̀ọ̀dá mọ́, Dádì ni ká máa pe òun. A gbà, nítorí pé bí a bá pè é ní Dádì, bisikíìtì máa ń jáde láti inú àpò rẹ̀, bí a bá sì pè é ní Bọ̀ọ̀dá, ìkúùkù ló ń jáde. Ìyá mi ń tajà ní Ìlọrin nígbà náà, ó sì ti fi mí sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà, láti ìgbà tí mo ti ń rá, nítorí náà kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kò ṣojú mi. Nígbàkígbà tí Dádì bá wálé fún ọdún tàbí fún òkú, pẹ̀lú bàtà dídán àti dígí dúdú lójú, orí ẹní nínú yàrá ìyá rẹ̀ ló máa ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ síta lẹ́nu ọ̀nà, ewúrẹ́ á sì máa gbóòórùn rẹ̀. Kò nílé. Gbogbo ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú agboolé ti kọ́lé, àní àwọn tí oko ni wọ́n ń ro, tí wọn kò tíì dé Ìlọrin rí. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ wà níwájú agboolé gan-an, lọ́wọ́ ọ̀tún bí èèyàn bá ń wọlé, ohun tó sì wà lórí rẹ̀ ni ewúro, pòpórò àgbàdo àti òbúkọ Baálé.

Baálé yìí, àbúrò bàbá Dádì ni. Ó ní ọmọkùnrin kan, Táíwò, tó kéré sí Dádì, àgbẹ̀ ni, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn sì há sínú yàrá kan débi pé bí ọ̀kan bá fẹ́ yí padà lójú oorun, gbogbo wọn ní láti jọ yí ni. Baálé ti wí fún Dádì lójú gbogbo ẹbí pé bí Kérésìmesì ọdún náà bá dé tí kò sí ilé lórí ilẹ̀ yẹn, Táíwò ni òun yóò fún. Èèyàn lè rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lásán nìyẹn, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ni ọ̀rọ̀ náà ń pa lára jù. Lọ́dọ̀ wa, ilé ọmọ ni wọ́n ti ń gbé òkú ìyá jáde. Ìyá tó bímọ ọkùnrin tí ọmọ náà kò nílé, pálọ̀ ilé onílé ni wọn yóò tẹ́ ẹ sí, àwọn àlejò á sì máa béèrè pé, "Ilé ta nìyí?" Ìyá Àgbà kò bẹ̀rù ikú rárá. Ohun tó ń bẹ̀rù ni ìbéèrè yẹn. Bó bá ń gún iyán, á gún un díẹ̀, á dúró, á gbé ọmọ odó sí èjìká, á wí fún mi pé, "Láti ulé Jóṣúà ni wọn ó ti gbé mi jáde." Ulé, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pe ilé. Èmi á ní, "Àmín, Ìyá," ojú mi á sì wà lára iyán.

Ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde ni ohun náà dé. A ti kọ́kọ́ gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ọ̀nà Odò-Ọwá, nítorí ọ̀nà yẹn kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ kó wọ̀lú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Tíípà kan ló ń bọ̀, ó ń fa nǹkan funfun kan lẹ́yìn, nǹkan náà ń fò sókè fò sílẹ̀ nínú kòtò, Dádì sì yọrí síta lójú fèrèsé tíípà, ó ń kígbe mọ́ dẹ́rẹ́bà pé kó rọra. Nígbà tí eruku ṣí, a rí i. Àpótí ńlá ni, ó ní fèrèsé tó ní kọ́tìnnì, ilẹ̀kùn kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà méjì lábẹ́, ó sì yọ irin gígùn kan síta níwájú bí ahọ́n. Ó funfun débi pé ó ń ta wá lójú. Dádì bọ́ sílẹ̀, ó gbọn aṣọ, ó ní kárafáànì ni wọ́n ń pè é, pé àwọn òyìnbó máa ń fi mọ́tò fà á kiri bí wọ́n bá fẹ́ gbádùn ara wọn, wọ́n á sùn sínú rẹ̀ létí òkun. Ilé iṣẹ́ òun ni kò lò ó mọ́ tí wọ́n fi yọ̀ǹda rẹ̀ fún òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìlú ti sọ ọ́ lórúkọ tiwọn: ulé onítáyà. Wọ́n tì í dé orí ilẹ̀ rẹ̀ níwájú agboolé, wọ́n lé òbúkọ kúrò, Dádì sì fi òkúta dí táyà.

Baálé jáde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ lu táyà náà, ó yí gbogbo rẹ̀ po. Gbogbo agboolé ti pé. Ó ní, "Jóṣúà, kí lèyí?"

"Ilé mi ni, Bàbá."

"Ulé. Táyà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀?"

"Ilé ayé òde òní ni, Bàbá. Ẹ má wo táyà."

Baálé na apá méjèèjì, ó fi wọn wọn ẹnu ọ̀nà náà, ó tún kó wọn jọ kí wọ́n tó lè wọ̀ ọ́. "Bí ìyá rẹ bá lọ kú sí unú rẹ̀, ibo la ó gbé pósí gbà jáde?"

Bí ẹlòmíràn ni, yóò ti mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi òun ṣe. Ṣùgbọ́n Dádì yẹ ilẹ̀kùn wò, ó lọ sẹ́yìn, ó yẹ ẹ̀yìn wò, ó padà wá pẹ̀lú ojú ẹni tó ti rí ojútùú. "Fèrèsé ẹ̀yìn fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ, Bàbá. Ó ṣeé yọ."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, àwọn ará Ìdòfin ì bá gbọ́ ọ bí afẹ́fẹ́ bá gbé e. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró, bó ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá dùn ún, ó ń wo ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Baálé kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó ní, "Ulé tí ọwọ́ obìnrin ulé ò kàn, éè ṣe ulé. Àpótí ni. Kérésìmesì ni mo wí, Kérésìmesì náà ni." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, gbogbo wa ló yé. Lágboolé wa, bí wọ́n bá mọ ilé tán, àwọn obìnrin ilé á kó ara wọn jọ, wọ́n á fi amọ̀ pupa àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ògiri rẹ̀, wọ́n á sì fi omi tí wọ́n fi èèpo irú sè pa á lára títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì máa dán. Omi yẹn ni kì í jẹ́ kí òjò jẹ ògiri. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì pa á ní omi náà ni ilé ti di ilé, kò sẹ́ni tó tún lè bá onílé du ilẹ̀ náà mọ́. Dádì gbọ́, ó ṣí ẹnu sí i bí ẹni tí wọ́n ń sọ ìtàn ayé àtijọ́ fún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò fi nu eruku kúrò lára kárafáànì rẹ̀.

Kó tó padà sí Kàdúná, ó kó wa jọ, ó kọ́ wa bí a ó ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Mo ti lọ ilé ìwé, mo ti lọ ẹ̀kọ́ ìjọ, n kò rí ẹ̀kọ́ tó le tó èyí. A kò gbọdọ̀ fi kànrìnkàn kàn án. A kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ nígbà tí oòrùn bá wà lára rẹ̀. Omi tí a ó fi fọ̀ ọ́, a gbọ́dọ̀ fi aṣọ sẹ́ ẹ kí yanrìn má baà họ ọ́ lára. Òkè ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa nu ún bọ̀ wálẹ̀. Bí ẹyẹ bá ṣu sí i, ká yára nu ún kúrò kó tó gbẹ. Bí ó bá gbẹ tán, a ó fi àkísà bu pọ́líìṣì díẹ̀ nínú agolo, a ó máa yí i roboto-roboto lára rẹ̀, a ó dúró kó hó funfun, a ó wá fi aṣọ rírọ̀ nu ún títí yóò fi dán. Lálaalẹ́, tapólì ni ká fi bò ó, ká fi okùn so ó mọ́lẹ̀. "Bí mo bá dé tí mo sì rí ojú mi lára rẹ̀," ó ní, "inú mi á dùn." Ó tilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó lọ. Ìyá tó bí i kò tíì fi ẹsẹ̀ kan inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà. Ìta rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀ fún wa.

Báyìí ni àpótí kan ṣe di ọ̀gá gbogbo wa. Odò jìn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó tún máa ń sá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n omi ulé onítáyà la máa ń kọ́kọ́ pọn kí a tó pọn ti mímu. Omi tí àwa ń mu, nígbà mìíràn a máa ń rí nǹkan tó ń wẹ̀ nínú rẹ̀; ti ọ̀gá wa, sísẹ́ ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní agboolé kejì á ti jẹ iṣu sísun tán, wọ́n á máa ṣeré òkòtó, èmi á ṣì wà lórí àpótí ìjókòó, mo ń yí àkísà roboto-roboto. Ìyá Àgbà ni alábòójútó, àánú rẹ̀ ló sì ń ṣe mí bí mo bá rántí báyìí, nítorí kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Nígbà tí aṣọ rírọ̀ tí Dádì fi sílẹ̀ gbó tán, ó wọlé, ó ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, ó mú ìró àrán tó ti lò nígbà ìyàwó jáde, ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó ní kò sí aṣọ tó rọ̀ tó àrán. Mo ti kọ́kọ́ rò pé eré ló ń ṣe. Àrán ìyàwó ni a fi ń nu ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lára páànù, ẹni tó ni páànù sì wà ní Kàdúná, kò mọ̀.

Ó dán, n kò ní purọ́. Ó dán débi pé àwọn tó ń re oko máa ń dúró níwájú rẹ̀ tún fìlà wọn dé. Àwọn ọmọge á wá láti ìsàlẹ̀ wá wo bí wọ́n ṣe dirun. Ohun tí Dádì fẹ́ ni kó wá rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òbúkọ Baálé ló ṣáájú rẹ̀ rí tirẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ún tán, òbúkọ yìí bọ̀ láti wá wo ilẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó rí òbúkọ mìíràn tó dúró sínú páànù, tó ń wò ó lójú. Ó fà sẹ́yìn, òbúkọ kejì náà fà sẹ́yìn. Ìwọ̀sí yẹn pọ̀ jù fún un. Ó sáré, ó sì kàn án: gbàà! Gbogbo ilé sáré jáde, Ìyá Àgbà sì gbé ọmọ odó lé òbúkọ náà títí dé ẹ̀yìn ilé ìwé. Páànù ti tẹ̀ wọnú. Baálé wo ibẹ̀, ó wúkọ́, ó ní, "Ògiri mi, òbúkọ yẹn ti ń kàn án láti ọjọ́ tó ti dáyé. Éè tíì tẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni a ti fi ẹ̀gún ṣe ọgbà yí i ká.

Lẹ́yìn iyán alẹ́, Ìyá Àgbà á ní kí n yọjú wo fèrèsé, kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún òun. Màá dúró lórí odó tí a dojú dé, màá máa wo àárín kọ́tìnnì. Mo máa ń sọ fún un pé bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, tábìlì pẹlẹbẹ kan wà, ẹ̀rọ omi kékeré kan wà. "Omi ń jáde?" Mo ní n kò mọ̀. "Bẹ́ẹ̀dì náà gùn tó mi?" Mo ní ó gùn tó o. Ìyá Àgbà kò ga púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá tilẹ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ǹ bá ti wí. Á mí kanlẹ̀, á ní, "Ó dáa." Mo mọ ohun tó ń wọ̀n.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, pọ́líìṣì tán. A fi ìka họ ìdí agolo títí, kò sí nǹkan níbẹ̀. Eruku sì wá ń bà lé kárafáànì bí ẹni pé òun nìkan ló ń wá. Lásìkò yẹn ni Dádì rán dẹ́rẹ́bà kan sí wa pé òun ń mú ọ̀rẹ́ òun kan bọ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì, pé ká dáàbò bo ilé òun dáadáa kí ọyẹ́ má baà bà á jẹ́. Ìyá Àgbà ní kí dẹ́rẹ́bà náà tún un wí. Ó tún un wí. Ó ní ṣé "ilé òun" ni ọmọ òun pè é? Dẹ́rẹ́bà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí, ó ń wo ulé onítáyà fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ pe gbogbo obìnrin ilé.

Ohun tó gbèrò kò ta kókó. Baálé ní ulé tí ọwọ́ obìnrin ilé kò bá kàn kì í ṣe ulé. Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kàn án nígbà náà. Jóṣúà ní ká dáàbò bò ó. Kí ni à ń fi dáàbò bo ilé bí kò ṣe omi èèpo irú? Àwọn obìnrin ilé wo ara wọn. Wọ́n wo ìyàwó Táíwò, tí oyún wà níkùn rẹ̀, tó sì mọ̀ pé bí nǹkan yìí bá di ilé, inú yàrá kan náà lòun yóò bímọ sí. Òun ló kọ́kọ́ ká ìró rẹ̀ sókè. Ó ní, "Uṣẹ́ obìnrin ulé ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe é." Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn títí di òní.

Wọ́n se èèpo irú nínú ìkòkò ńlá láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yí, òórùn rẹ̀ gba gbogbo agboolé, ó korò bí ewé tí òjò mú jẹrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bu amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù lé e lára, kò dúró, ńṣe ló ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Gbogbo oṣù tí a fi pọ́líìṣì pa á lára kò ṣòfò: ohunkóhun kò lè mú un. Ìyá Àgbà ní kò sí wàhálà, kí á bu yanrìn àti eérú wá, kí á kọ́kọ́ họ yíyọ̀ yẹn kúrò. Ọmọ rẹ̀ tó ní ká sẹ́ omi kí yanrìn má baà kàn án! Èmi ni mo bu yanrìn náà wá, inú mi sì dùn sí i. Wọ́n họ ọ́, gbogbo dídán ọdún náà ń bọ́ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun, ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki. Amọ̀ wá mú un, omi èèpo irú sì wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n pa á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró kó gbẹ, wọ́n tún pa á, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, kò sí funfun kankan mọ́. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán, ó jọ gbogbo ilé yòókù tó wà lágboolé, àfi táyà.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà ti rẹ Ìyá Àgbà, kò lè nàró pẹ́ mọ́. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kékeré yẹn, ó ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni ti òun. Ó ya ọwọ́ rẹ̀, ó fi ìka fa ilà tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, ilà náà ń yí wá, ó ń yí lọ. Nígbà tó parí, ó ki ọwọ́ bọ inú amọ̀ àti omi náà, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ara kárafáànì náà pẹ́, bí ìyá onílé ti máa ń ṣe. A jẹ iyán lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ọbẹ̀ ìṣapá. Kò jẹun púpọ̀. Ó jókòó kọjú sí i, ó ń wí pé, "Jóṣúà mi nílé. Jóṣúà mi ti nílé." Baálé jáde wá, ó yí i po, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi èékánná họ ọ́ díẹ̀. Ọkùnrin tí kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ni, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti há a lẹ́nu. Ó ní, "Ó di ọjọ́ Kérésìmesì," ó wọlé.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn àgbà ẹbí ti jókòó síwájú agboolé, ìrẹsì ti ń hó. A gbọ́ fèrè mọ́tò. Dádì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú kóòtù àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wọ aṣọ funfun, ó na ọwọ́ síwájú, ó fẹ́ fi ilé rẹ̀ hàn án. Ọwọ́ náà dúró sófuurufú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Níbo ni kárafáànì mi wà?"

Ìyá Àgbà ní, "Òun lo dúró tì yẹn, ọmọ mi. Ulé rẹ ni. A ti rẹ́ ẹ."

Ó fi ìka kàn án. Ó gbé ìka náà símú. "Ta ló kun ìdọ̀tí mọ́ nǹkan mi lára? Ta ló bà á jẹ́?"

"Jóṣúà, jókòó," Baálé ní. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àwọn obìnrin ulé ti fọwọ́ kàn án. Mo wí i, mi éè ní í yẹ̀ ẹ́. Bí o bá fi sílẹ̀ bó ṣe wà yìí, ulẹ̀ yìí ti di tìrẹ, ulé ni. Jókòó jẹun."

Ohun tí wọ́n ní kó ṣe kò ju kó jókòó lọ. Àga wà níbẹ̀. Táíwò ń wolẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí Dádì ti jókòó, mo gbà bẹ́ẹ̀, bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré ni. Ó ní, "Jóṣ, ṣé ilé funfun tí o ń sọ fún wa nìyí?" Dádì bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó ní kí n lọ bu omi àti ọṣẹ wá.

Ìyá Àgbà kúnlẹ̀. Mo gbọ́ tí gbogbo obìnrin ilé kígbe pọ̀, nítorí ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. "Jóṣúà, mo bẹ̀ ọ́. Fi sílẹ̀ di ọ̀la. Jẹ́ kí wọ́n jẹun tán, kí wọ́n dìde."

"Màmá, ẹ dìde. Ẹ ò mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní pẹ́ńtì." Ó ti ń fọ̀ ọ́.

Ó fọ̀ ọ́ láti òkè wá sílẹ̀, bó ṣe kọ́ wa. Omi pupa ń ṣàn lára rẹ̀, ó ṣàn la ojúde kọjá títí ó fi dé ẹsẹ̀ Baálé. Baálé gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹbí, ẹ fojú yín rí i. Mi éè lé e. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fọ ulé rẹ̀ nù." Bí ilẹ̀ ṣe di ti Táíwò nìyẹn, ìrẹsì kò sì tíì jinná. Ìyàwó Táíwò ló gbé Ìyá Àgbà dìde lórí ìkúnlẹ̀. Kò wọlé. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kékeré náà, ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti ibi tó tẹ ọwọ́ sí, Dádì sì fọ gbogbo rẹ̀ yí i ká. Ibi tó fẹ̀yìn tì nìkan ni kò lè fọ̀.

Pẹ́ńtì náà kò padà sípò. Yanrìn ti jẹ ẹ́, omi irú ti wọ̀ ọ́, àwọ̀ rẹ̀ wá dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì díẹ̀ sí. Wọ́n tì í lọ sẹ́yìn, sí ìdí máńgòrò, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà kọjú sí ògiri. Táíwò kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sórí ilẹ̀ náà. Ìyá Àgbà wà lára àwọn tó rẹ́ ẹ, kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Táíwò fún un ní yàrá ìwájú, ó sì ní kí káfíńtà ṣe ilẹ̀kùn pálọ̀ ní alápá méjì. Kò sọ ìdí rẹ̀, àwa náà kò béèrè. Dádì ń wá lọ́dọọdún, kò kọ́lé, ṣùgbọ́n kò wá rí láìmú pọ́líìṣì tuntun lọ́wọ́: ti inú agolo, ti inú ìgò, èyí tí wọ́n ní ó ń lé oòrùn, èyí tí wọ́n ní omi kì í dúró lára rẹ̀. Iwájú tí àwọn èèyàn ń rí ló máa ń nu. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ògiri, kò sẹ́ni tó ń wò ó, nítorí náà kò dé ibẹ̀ rí.

Láti ilé Táíwò ni wọ́n ti gbé Ìyá Àgbà jáde. Pósí náà gba ilẹ̀kùn alápá méjì kọjá wẹ́rẹ́, kò kan ibì kankan. Àlejò kan láti Ìsọ́lọ̀-Ọ̀pìn béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ilé ta nìyí?" Mo ti di àgbàlagbà nígbà náà, mo sì dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ egungun.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, tí àwọn àlejò ń jẹun, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé: fíìn, fíìn. Inú bí mi. Mo dìde, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ tú dà sí i lára ti pé sẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ ọdún púpọ̀ ni. N kò rí i níwájú kárafáànì níbi tó máa ń wà. Dádì ti há ara rẹ̀ sáàárín kárafáànì àti ògiri, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i, aṣọ ìsìnkú lọ́rùn rẹ̀, àkísà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ tutù. Ó ti nu eruku dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì ti dúró. Ilà ìka náà wà níbẹ̀, ó ń yí wá, ó ń yí lọ, àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Àgbà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìka márùn-ún, ó pọ́n, ó ń dán. Dádì gbé ọwọ́ tirẹ̀ súnmọ́ ọn, kò kàn án. Ó ní, "Ọwọ́ yèyé mi rèé." N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé wa lẹ́nu rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti di Dádì.

N kò sọ èyí tí mo fẹ́ sọ. Ó ní kí n bá òun mú tapólì wá. Mo mú un wá, ó ti gbó, ó ti ya létí, a fi bo ibẹ̀, òun di apá kan mú, èmi di apá kejì. Ó ní kí n so okùn náà le dáadáa, kí òjò má baà fọ ọwọ́ náà nù. Mo so ó. Òjò ló ń bẹ̀rù.